Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Tọ́bò fún Celica Àtijọ́: Ètò Owó àti Ètò Iṣẹ́

Celica pupa kan wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Adó-Èkìtì. Koríko ti hù gba ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yẹ kó wà, alángbá sì ti fi àga awakọ̀ ṣe ilé. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò (èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú rẹ̀) tí wọ́n rà fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lábẹ́ tapólì, wọn kò sì tíì tan án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Ẹni tó ni ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, mẹkáníìkì rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Gbogbo owó tó kó jọ ló fi ra ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dé tán ni wọ́n rí i pé kò sí owó rédíétọ̀, kò sí owó pọ́ńpù epo, kò sì sí owó ẹni tí yóò to wáyà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí kò kéré, ó sì máa ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá kọjá lára wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí a rà kẹ́yìn, ìdí rẹ̀ á sì hàn bí a ṣe ń lọ.

Ọkọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni Toyota Celica GT ti ọdún 1994 sí 1999, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 5S-FE, líta 2.2. Ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ gbé sí i ni 3S-GTE, líta 2.0 tó ní tọ́bò. Bí ọkọ̀ yín bá yàtọ̀, orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ni yóò yí padà, ètò náà kò ní yí.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Ìwé ọkọ̀ tó pé, tí nọ́ńbà ṣáásì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ bá èyí tó wà lára ọkọ̀ mu.
- Ìwé àjákọ kan tó jẹ́ ti owó iṣẹ́ yìí nìkan.
- Mẹkáníìkì kan, rẹwáyà kan àti wẹ́dà kan, tí ẹ ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀.
- Géèjì tí a fi ń wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìfúnpá inú sílíńdà, àti mítà tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní wideband.
- Ibi tí òjò kò ti lè pa ọkọ̀, àti ohun tí ẹ ó máa gbé rìn ní gbogbo àkókò tí ọkọ̀ yóò fi wà nílẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ yẹ ara ọkọ̀ wò kí ẹ tó ronú ẹ́ńjìnnì

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì fi orí sikurudiráfà gún ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, irin tó gbé ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí bátìrì jókòó sí. Omi bátìrì máa ń jẹ irin níbẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Bí sikurudiráfà bá wọlé, ìpẹtà ti ṣe é, owó wẹ́dà sì ti di ohun àkọ́kọ́ nínú ìwé yín. Agbára ẹ́ńjìnnì 5S-FE jẹ́ nǹkan bíi 135 ní ìwọ̀n agbára ẹṣin (horsepower). 3S-GTE tí a ń wí yìí sì wà láàárín 225 sí 260, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe rí. Ara ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè rìn tààrà bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì ní ọ̀nà títẹ́jú, kó sì dúró tààrà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bí ó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ẹ yan ẹ́ńjìnnì tí ó bá ìdílé ọkọ̀ yín mu

Ìdí tí 3S-GTE fi rọrùn fún Celica GT ni pé ìdílé kan náà ni òun àti 5S-FE, nítorí náà ìjókòó ẹ́ńjìnnì àti ojú gíà sún mọ́ra. Celica ST ti àkókò kan náà ń lo 7A-FE, líta 1.8. Ìdílé mìíràn nìyẹn, gíà rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ní ST kò gbọdọ̀ fi iye owó ti GT ṣe ètò.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó sábà máa bá pàdé. Èyí tó ti pẹ́ jù nínú wọn ń lo tọ́bò CT26, àpótí tó ń wọn afẹ́fẹ́ sì wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó wà nínú Toyota MR2 láti òpin ọdún 1993, ń lo CT20b àti sẹ́nsọ̀ tó ń wọn ìfúnpá, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 245. Ìkẹta ni ti Toyota Caldina GT-T, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 260. Èyí àárín ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé wáyà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ tó ti Caldina, nọ́sùlù rẹ̀ sì tóbi ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni ti gíà. Ẹ́ńjìnnì tó bá wá láti ara Celica GT-Four tàbí Caldina GT-T máa ń bá gíà tó ń wa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, èyí kò sì lè wọ inú Celica GT bẹ́ẹ̀. Gíà S54 tó wà nínú GT yóò wọ ẹ́ńjìnnì náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tẹ ọkọ̀ dáadáa, kò ní pẹ́ kó tó fọ́. E153 ti MR2 tọ́bò ló lágbára fún un, ó sì ń béèrè ṣáàfù tirẹ̀. Bí Celica yín bá sì jẹ́ ọtọmátíìkì, pédà kílọ́ọ̀ṣì, sílíńdà rẹ̀ méjèèjì àti okùn gíà ti kún owó náà, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ fún yín.

Ìpele 3: Ẹ kọ owó náà sílẹ̀

Ẹ má ṣe kánjú lórí ìpele yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni Celica pupa yẹn ti kú sí. Mi ò ní kọ iye náírà ohun kọ̀ọ̀kan síbí, torí pé iye tí mo bá kọ lónìí lè yí padà kí oṣù tó tán. Ẹ jẹ́ kí a fi 100 dúró fún gbogbo owó iṣẹ́ náà. Bí mo ṣe máa ń pín in nìyí:

- Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tọ́bò, wáyà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀: 30
- Gíà, kílọ́ọ̀ṣì àti ṣáàfù: 11
- Àwọn ohun tí a ó pààrọ̀ lára ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì wà nílẹ̀: 7
- Rédíétọ̀, fáànù, intercooler (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) àti páìpù wọn: 9
- Pọ́ńpù epo, fílítà àti hóòsì: 5
- Iṣẹ́ wáyà, mítà àti ìtúnṣe kọ̀ǹpútà: 9
- Bíréèkì, táyà àti ṣọ́ọ̀kì: 7
- Ọkọ̀ ẹrù àti ìwé: 2
- Owó tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí iṣẹ́ yóò fi parí: 20

Láti inú ìpín yìí, ẹ lè mọ iye iṣẹ́ náà kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ béèrè iye ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn olùtajà mẹ́ta ó kéré tán, ẹ fi 10 sọ iye àárín di púpọ̀, kí ẹ sì fi 3 pín in. Bí wọ́n bá pe ẹ́ńjìnnì ní 1,500,000 náírà, iṣẹ́ tí ẹ ń ronú rẹ̀ jẹ́ 5,000,000. Bí ẹ bá ní 2,000,000 lọ́wọ́, ẹ kò tíì ní owó iṣẹ́ yìí, àní bí owó ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ pé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá rọ́pò ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye gidi. Ẹ kọ orúkọ ohun náà, iye tí wọ́n pè é, ẹni tó pè é, àti ọjọ́ tí ẹ béèrè. Iye tó bá ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ẹ tún un béèrè.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: owó dọ́là ń gòkè, ẹ jẹ́ kí a tètè ra ẹ́ńjìnnì kó tó wọ́n jù báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, mo sì ti gbà á gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ máa ń fún oníbàárà láti gbé e sí ọkọ̀ kó sì dán an wò. Bí ẹ bá rà á lónìí, tí ẹ sì tan án lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tí ó bá wá ń mu ọ́ìlì tàbí tó ń yọ èéfín búlúù, ta ni ẹ fẹ́ dá a padà fún? Owó tí ẹ rò pé ẹ dá sí lára dọ́là ti lọ, ẹ ó sì tún ra òmíràn ní iye tuntun.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé ìwé náà fún mẹkáníìkì yín, kí ẹ sì bi í pé, «Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbàgbé?» Bí ó bá dárúkọ ohun tó ju mẹ́ta lọ, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele yìí.

Ìpele 4: Ẹ tọ́jú ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀

Bíréèkì, táyà, ṣọ́ọ̀kì, rédíétọ̀, fáànù àti pọ́ńpù epo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì fi wọ́n sí ọkọ̀ báyìí. Ọkọ̀ á ṣì máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó sì lè ra ohun kan ní oṣù yìí, kí ẹ ra òmíràn ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró ní ìparí ìpele yìí nítorí àìsówó ṣì ní ọkọ̀ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fún epo, pọ́ńpù tó lè ta líta 255 ní wákàtí kan tó fún ẹ́ńjìnnì yìí. Fún rédíétọ̀, ẹ wá èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi kúláàǹtì sí i, kì í ṣe omi kànga, ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni yọ thermostat (èyí tó ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná) sọnù. Mo mọ̀ pé ó ti di àṣà lọ́dọ̀ wa pé bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, thermostat ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò tí kò ní thermostat kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì máa rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i láìnídìí.

Àyẹ̀wò: ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní ọ̀sán gangan, kí ẹ tan AC, kí ẹ sì gun òkè ibẹ̀ láìdúró. Ọwọ́ géèjì ooru kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó máa ń wà. Bí ó bá gòkè pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré, yóò hó pẹ̀lú ti tọ́bò.

Ìpele 5: Ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì

Ìgbà tí owó ohun gbogbo tó kù bá pé ní báńkì ni kí ẹ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkìtì máa ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ẹ sì san owó ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ á rí ohun tí tiyín kò rí.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní ohun funfun bí ọ̀rá, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ yọ hóòsì afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu tọ́bò, kí ẹ fi ìka méjì di orí ọ̀pá àárín rẹ̀ mú. Ó lè mì díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí abẹ rẹ̀ ti ha ara ilé rẹ̀, tọ́bò yẹn ti parí. Ẹ wo imú abẹ náà dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kó mú kó sì dọ́gba, kó má ṣe rí bí ohun tí eku jẹ.

Lẹ́yìn náà, kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ pátápátá, kí wọ́n lo bátìrì tó kún, kí ẹ sì wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú géèjì tiyín. Tòkunbọ̀ tí kò tíì gbóná lè má dé iye ti tuntun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, a ó padà sí wọn. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ wọn ẹ́ńjìnnì òun, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún wáyà. Nígbà kan, mo san owó tán, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ra omi mu, nígbà tí mo padà dé, ọmọ iṣẹ́ olùtajà ti fi ọ̀bẹ gé wáyà ẹ́ńjìnnì náà kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí pulọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà, kí ó lè rọrùn láti gbé sínú ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni rẹwáyà fi so ó padà, àwọ̀ wáyà kan sì lè farahàn lẹ́ẹ̀mẹta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ẹ fẹ́ wáyà ní odindi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó jọ wá, ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́. Láìsí i, ẹ kò ní lè yí ìwé ọkọ̀ padà, ọlọ́pàá tó bá sì dá yín dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ẹrù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ẹ ti rí i.

Ìpele 6: Ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe nígbà tó ṣì wà nílẹ̀

Bẹ́líìtì tàímíǹgì, tẹ́ńṣánà rẹ̀, pọ́ńpù omi, ọ́ìlì síìlì iwájú àti ẹ̀yìn, pulọ́ọ̀gì, àti àwọn hóòsì rọ́bà kékeré ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí ọwọ́ kò ní tó mọ́ bí ó bá ti wọlé: ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Bẹ́líìtì yìí ló ń yí pọ́ńpù omi, nítorí náà iṣẹ́ kan ni àwọn méjèèjì.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì fi gọ́mù gásíkẹ́ẹ̀tì sí ojú páìpù ọ́ìlì tọ́bò. Gọ́mù tó bá ṣẹ́ kù sí inú máa ń já, ó máa ń dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tọ́bò tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan sì máa jó láàárín àkókò kúkúrú bí ọ́ìlì kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì irin tàbí ti bébà ni kí wọ́n lò. Páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ wọ́ sókè níbì kankan.

Ìpele 7: Gbígbé e wọlé àti wáyà

Ọkọ̀ Japan tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì yìí lára rẹ̀ ní sítíárì lápá ọ̀tún. Tiwa wà lápá òsì. Bí ó bá sì jẹ́ láti ara MR2, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Wáyà náà kò ní gùn dé ibi tó yẹ. Kí rẹwáyà fa wáyà gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, kó sì fi rọ́bà tó ń sún kì bò ó. Kó má ṣe lọ́ ọ pọ̀ kó wá fi téèpù dì í.

Àyẹ̀wò: pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ipò títan, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá tàn, kọ̀ǹpútà kò tíì rí iná tàbí wáyà ilẹ̀ (earth) rẹ̀ kò so, ẹ má sì ṣe gbìyànjú láti tan ẹ́ńjìnnì.

Ìpele 8: Ọjọ́ tí ẹ ó tan án

Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti fíúsì EFI (ti ètò epo), kí ẹ sì yí i pẹ̀lú sítátà ní ìgbà díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Nígbà náà ni ọ́ìlì dé tọ́bò. Ẹ dá ohun gbogbo padà, ẹ tan án. Nígbà tó bá ti gbóná, ẹ so ojú méjì tí wọ́n kọ TE1 àti E1 sí lára pọ̀ nínú àpótí àyẹ̀wò pẹ̀lú wáyà kékeré, kí mẹkáníìkì fi iná tàímíǹgì wò ó: díígírì 10 kí písítìnnì tó dé òkè ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ìyókù iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mítà wideband. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́ẹ́, kó wà ní nǹkan bíi 14.7. Nígbà tí tọ́bò bá ń tì, kó wà láàárín 11 sí 12. Bí ó bá gòkè sí 13 nígbà tí tọ́bò ń tì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, epo kò tó, ibẹ̀ sì ni písítìnnì ti máa ń yọ́. Ní Japan, bẹntiróòlù tó dára jù ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún. Ti ilé epo wa kò tó o. Nítorí náà, ẹ fi boost, ìyẹn ìfúnpá afẹ́fẹ́ tọ́bò, sílẹ̀ ní iye tí Toyota fi sí i, kí ẹ má sì fi ohun tó ń mú un gòkè sí i, ẹnikẹ́ni ì báà rọ̀ yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ẹ ń gun òkè, ẹ rọra, kí ẹ padà sílé.

Ìpele 9: Ìwé

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí, nítorí náà ìwé ọkọ̀ kò bá ọkọ̀ mu mọ́. Ẹ mú rìsíìtì lọ sí ilé ẹjọ́ láti búra sí ìwé, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì lọ yí i padà ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín pẹ̀lú.

Lẹ́yìn kìlómítà 1,000, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ gé fílítà àtijọ́ sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀ bóyá irin tó ń dán wà nínú bébà rẹ̀, ẹ fún gbogbo bóòtì ìjókòó ẹ́ńjìnnì padà, kí ẹ sì tún wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin náà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ẹ kọ ní ọjà. Bí wọ́n bá dọ́gba tàbí tí wọ́n ga ju ti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ lè wá fọwọ́ kan 20 tí ẹ tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀.